Ìdọ̀bálẹ̀ ní Ṣómólú

Bébà ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
páálí lórí páálí, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé;
n kò mọ̀ pé ẹrù kan wà tí n kò tíì gbé rí.

Dókítà ní Àkọ́kà wo ìwọ̀n, ó wò mí,
ó tún wo ìwọ̀n náà bí ẹni pé irọ́ ló ń pa.
"Ẹ lọ máa lo ara yín," ó ní.
Ara ta ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun àtẹ̀gùn ilé kan
lẹ́yìn ọ̀nà Bájùláyé, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà,
aago mẹ́fà àbọ̀, kí ẹ̀rọ àdúgbò tó jí.
Mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó débẹ̀.
Mo rò pé irin ni n ó bá, irin ńlá, irin kékeré.
Ilẹ̀ ni mo bá.
Ilẹ̀ lásán, ẹní rọ́bà mẹ́jọ,
fáànù kan tó ń mirí bí ẹni tí kò gbà.
"Irin dà?"
Kóòṣì Ìbídùn, tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán ìwé,
rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin gan-an ni irin, sà."

"Ẹ lóṣòó." A lóṣòó.
Ogún ni. Ní méje, orúnkún mi dún bí ilẹ̀kùn páànù.
Ìyá Raliátù, tó so ìbòrí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn,
ń sọ̀kalẹ̀, ń gòkè, bí ẹni tó kàn ń wá owó tó jábọ́.
"Ẹ má sé èémí," ó rọra sọ fún mi.
"Èmi, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èébì ni."

"Ẹ di pákó."
Tèmi ni pákó tí ikán ti jẹ.
Òógùn ń kán sórí ẹní, ó ya Èkó síbẹ̀, tòun t'ọ̀sà.
Níbẹ̀ ni mo ti rántí àwọn ìwé ètò ìsìnkú
tí mo tẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
fọ́tò àwọn ọkùnrin tí kò jù mí lọ,
tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú agbádá,
àwọ̀ tó mọ́ kedere, ọwọ́ mi ló ṣe é.

"Ó yá, ẹ dọ̀bálẹ̀."
Ta ni ká kí?
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo mọ ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún.
Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi títí ilẹ̀ fi gbà á.
Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi ní Odògbólú, ẹ̀ẹ̀meje, nínú erùpẹ̀,
ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kò tíì délẹ̀, kí n tún un ṣe.
Nígbà náà, ta ló ń ka dídìde sí?
Ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Mo lọ sílẹ̀. Àyà mi kan ẹní.
Mo gbọ́ òórùn rọ́bà, mo gbọ́ òórùn ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.
Mo ti ilẹ̀. Ilẹ̀ ò mì.
Kóòṣì kúnlẹ̀ tì mí:
ọmọ kúnlẹ̀, àgbà dọ̀bálẹ̀,
a dà bí ẹni méjì tó ń kí ara wọn
tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.
"Ẹ fi orúnkún kanlẹ̀, sà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."
Mo fi orúnkún kanlẹ̀.
Apá mi gbọ̀n bí ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ ti gbẹ,
mo gbéra.
Ẹ̀ẹ̀kan.
Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá Raliátù pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, n kò lè gbé ife ẹ̀kọ dẹ́nu.
Ìyàwó mi bèèrè bóyá ọlọ́pàá ló lù mí.
Mo ní kí Wàsíù bá mi gbé bébà wọlé, ó wò mí tìyanutìyanu.
Ẹgbàárùn-ún náírà lóṣù; mo ti san ti oṣù yìí.
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún ń pàdé.
Àtẹ̀gùn ilé wa jẹ́ mẹ́rìnlá.
N kò kà á rí.